Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ mẹ́ta ní àdúgbò: kí ló dé tí ọ̀kan ṣoṣo kì í jẹ́ kí ara balẹ̀?

Ojúfèrèsé:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta mẹ́ta ló yí ilé tí mò ń gbé ká. Méjì nínú wọn kò ní wàhálà. Ẹ̀kẹta, èyí tó ní gogoro agogo, tó sì dojú kọ fèrèsé yàrá, ni ara ń fu mí sí. Mi ò wá ẹni tó máa sọ fún mi pé iwin ló wà níbẹ̀, mi ò sì wá ẹni tó máa ní kí n gbé e kúrò lọ́kàn. Ọ̀nà tí èèyàn lè gbà yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan ni mò ń wá. Ohun tó hàn nìyí:

– Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú gan-an, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, òrùlé á bẹ̀rẹ̀ sí í dún ta, ta, ta, bíi pé ẹnì kan ń rìn lórí ẹ̀. Ìró mìíràn tún wà nínú igi àjà lóru: á kàn léraléra, á dákẹ́, á tún kàn.

– Ògiri gogoro ti sán láti òkè wá.

– Nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùrù, àyà máa ń wúwo, bíi pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn ẹni. Òtútù a sì tún máa fọwọ́ kan ẹni lọ́rùn.

– Nǹkan funfun kan máa ń fò jáde láti gogoro lálẹ́, a sì máa han gooro.

– Ìmọ́lẹ̀ máa ń rìn nínú fèrèsé rẹ̀ nígbà tí gbogbo ilẹ̀kùn wà ní títì.

Èwo ló yẹ kí n bẹ̀rù nínú wọn, èwo ni kò tó nǹkan?

Agbọ́hùn:

Kí ẹ tó ronú kan ohùn tàbí òjìji rárá, ẹ kọ́kọ́ mú èyí tó lè pa èèyàn kúrò nílẹ̀. Àyà tó ń wúwo, orí tó ń fọ́, èrò pé ẹnì kan wà lẹ́yìn ẹni: gáàsì carbon monoxide (CO) lè fa gbogbo rẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, ẹ̀rọ amúlégbóná tí ọ̀nà èéfín rẹ̀ ti dí ló sábà máa ń tú u síta, ìtẹ́ ẹyẹ ló sì máa ń dí ọ̀nà náà nígbà púpọ̀. Ní 1921, dókítà ojú kan ní Amẹ́ríkà, William Wilmer, kọ ìròyìn nípa ìdílé kan tó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ nínú ilé, tí wọ́n sì ń rí àwọn èèyàn tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ amúlégbóná ilé wọn ló bàjẹ́.

Àmì tó yẹ kí ẹ ṣọ́: orí fífọ́ tó ń lọ bí èèyàn bá ti jáde síta fún ìgbà díẹ̀, tó ń mú ju ẹnì kan lọ, tó sì jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá tan ẹ̀rọ amúlégbóná nìkan ló ń wáyé. Ẹ wá ẹ̀rọ ìkìlọ̀ CO, àmọ́ kó jẹ́ èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn lójú ẹ̀. Ìdí rèé: ìlànà EN 50291 ti ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé bí gáàsì náà bá jẹ́ 50 nínú mílíọ̀nù kan, ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ tíì ké kí ìṣẹ́jú 60 tó pé, ó sì gbọ́dọ̀ ti ké kí 90 tó kọjá. Bó bá jẹ́ 300 ni yóò ké láàárín ìṣẹ́jú 3. Nítorí náà, ẹni tó gbé ẹ̀rọ tí kò ní nọ́ńbà wọlé fún ìṣẹ́jú 10, tí kò gbọ́ ìró kankan, tó wá ní “kò sí nǹkan níbẹ̀,” ń tan ara rẹ̀ ni. Ẹ gbé e sí ibi tí orí ẹni tó jókòó máa wà, mítà 1 sí 3 sí ẹ̀rọ amúlégbóná, kó má wà lẹ́yìn aṣọ fèrèsé.

Bí CO bá ti kúrò ńlẹ̀, ó ku ohùn tó rẹlẹ̀ ju ohun tí etí ń gbọ́ lọ. Fèrè dùrù tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 32, ìyẹn nǹkan bíi mítà 9.8, máa ń gbọ̀n ní ìgbà 16 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Etí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó kéré sí 20. Àyà àti ikùn ló máa ń mọ̀ ọ́n. Fèrè tí wọ́n bá dí lórí kò nílò ju ìdajì gígùn yẹn lọ kó tó sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀, ẹ má fi gíga àpótí dùrù ṣe ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó ń tẹ dùrù nígbà tí àyà wúwo, kì í ṣe fèrè. Ẹ wá ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú dùrù, tàbí fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ síta.

Fáànù ló fa ọ̀rọ̀ tí Vic Tandy, ẹnjiníà ní Coventry, àti Tony Lawrence kọ ní 1998. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí kan ń bẹ̀rù láìrí nǹkan, òógùn tútù ń bò wọ́n, Tandy fúnra rẹ̀ rí nǹkan aláwọ̀ eérú ní igun ojú. Irin pẹlẹbẹ idà kan tó há mọ́ fáìsì (irin tí a fi ń di nǹkan mú) ló tú àṣírí: ó ń gbọ̀n láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Fáànù tuntun ló ń ru ìgbì tó dúró sójú kan sókè, nǹkan bíi 19 láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Wọ́n tún fáànù ṣe, ìgbì lọ.

Ẹ lè ṣírò ti yàrá yín náà: ẹ sọ gígùn yàrá di ìlọ́po méjì, kí ẹ fi pín 340, ìyẹn iye mítà tí ohùn ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Yàrá mítà 9 yóò fún yín ní 18.9. Gbọ̀ngàn mítà 40 kò ní ju 4.25 lọ. Ìyẹn ni pé yàrá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùrù lè yọ èèyàn lẹ́nu nígbà tí gbọ̀ngàn ńlá kò ṣe nǹkan kan. Ìdí ògiri méjèèjì ló sì máa ń le jù, kì í ṣe àárín.

Makirofóònù inú fóònù kò wúlò fún èyí, torí ohun tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ẹ̀. Ẹ lo ohun tó ń mọ ìmìtìtì nínú fóònù. Áàpù phyphox, tí Yunifásítì RWTH Aachen ṣe, tó sì jẹ́ ọ̀fẹ́, lè fi hàn yín ìgbà mélòó ni nǹkan ń gbọ̀n. Ẹ gbé fóònù lé orí bẹ́ǹṣì tàbí ilẹ̀ gbígbẹ, láìsí aṣọ lábẹ́ ẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2, kí ẹ ní kí vájà, ẹni tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì, pa ẹ̀rọ dùrù, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí góńgó kan bá wà láàárín 10 sí 25 lórí àwòrán tí áàpù náà yà tó sì lọ nígbà tí wọ́n pa ẹ̀rọ, ẹ ti mú un.

Agbẹ́kùúta:

Ibi tó sán ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, torí òun àti CO ni kò ṣeé fi ṣeré nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀.

Gogoro tó wọ́ yàtọ̀ sí gogoro tó ń wó bọ̀. Ní Chesterfield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orí gogoro ṣọ́ọ̀ṣì St Mary and All Saints lọ́ ní dígírì 45, ó sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní nǹkan bíi mítà 2.9. Igi tútù ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n wá fi òjé bò ó, igi ò lè gbé òjé. Ó ṣì dúró dòní. Ní Suurhusen ní Jámánì, gogoro tó ga ní mítà 27.37 fì ní dígírì 5.19. Orí ìtí igi nínú ilẹ̀ olómi ni wọ́n kọ́ ọ lé; nígbà tí wọ́n fa omi ilẹ̀ náà gbẹ, igi jẹrà lábẹ́ ẹ̀. Ìyẹn náà dúró. Ṣùgbọ́n gogoro St Mark ní Venice wó lulẹ̀ ní 14 oṣù Keje 1902. Ibi tó sán lára ẹ̀ ń fẹ̀ sí i ní àwọn ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n rí i, wọ́n lé èèyàn kúrò, kò pa ẹnì kankan. Èyí tó wà ní Pavia ní Ítálì wó ní 17 oṣù Kẹta 1989, ó pa èèyàn 4. Ohun tí ẹ máa bi ògiri ni bóyá ó ń rìn. Bó ṣe burú lójú tó kò sọ nǹkan kan.

Ẹ kọ́kọ́ fi tọ́ọ̀ṣì wo etí ibi tó sán. Bí etí náà bá mú tí àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́, tuntun ni. Bí eruku, òwú aláǹtakùn tàbí ọ̀dà bá ti wọnú ẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Bó bá fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, orí gogoro lè máa ya, ìpìlẹ̀ sì lè máa rì ní apá kan. Bó bá fẹ̀ nísàlẹ̀, ìpìlẹ̀ náà ni kí ẹ fura sí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wíwọ̀n, àwọn tó ni ilé ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìṣó 3 tí kì í dípẹtà: 2 ní apá kan, 1 ní apá kejì, kí wọ́n jẹ́ onígun mẹ́ta, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 síra wọn. Onígun mẹ́ta ni a fi ń mọ̀ bóyá ògiri ń ṣí tàbí ó ń yọ́ sísàlẹ̀. Ìṣó 2 kò lè sọ èyí. Bí òfin bá dáàbò bo ilé náà, wọn ò gbọ́dọ̀ kan ìṣó, kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ irin kéékèèké mọ́ ọn. Ẹ fi kálípà (irin ìwọ̀n) tó ń ka 0.1 mìlímítà wọ̀n ọ́n, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ní wákàtí kan náà lówùúrọ̀, fún oṣù 12, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n ooru ọjọ́ náà sílẹ̀. Bó bá ń ṣí nígbà òtútù tó ń padé nígbà ooru, òkúta ń fà, ó ń sún kì ni, kò sí ìjà. Bó bá ń ṣí tí kì í padà síbi tó wà ní ọdún tó kọjá, iṣẹ́ ẹnjiníà dé. Àwọn kan máa ń lẹ gíláàsì pẹlẹbẹ mọ́ ojú ibi tó sán. Gíláàsì á fọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò ní sọ bó ṣe rìn tó, kò sì ní sọ ibi tó rìn sí.

Ohun tí kò ní dúró de oṣù 12: èérún òkúta tuntun nísàlẹ̀ gogoro, òkúta tó yọ ikùn síta, ilẹ̀kùn tí kò tì mọ́ láìsí ìdí, tàbí ibi tó sán tó ń mì nígbà tí wọ́n bá ń lu agogo. Ẹ sọ fún wọn lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n dá agogo dúró, kí wọ́n sì ta okùn yí ìsàlẹ̀ gogoro ká.

Ẹ béèrè bákan náà bóyá sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi dí àárín òkúta. Láìmù, ìyẹn ẹfun òkúta sísun, ni àwọn tó kọ́ ọ lò. Láìmù rọ̀, ó ń jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde. Sìmẹ́ǹtì le ju òkúta tó rọ̀ lọ, ó há omi mọ́nú, òkúta fúnra rẹ̀ ni yóò máa wá ṣí bí èèpo. 

Ta, ta, ta òrùlé ní ìrọ̀lẹ́: òjé ni. Òjé tó gùn ní mítà 2, tí oòrùn mú dé dígírì 60, tó wá tutù dé 15, yóò sún kì ní mìlímítà 2.6. Igi tó wà lábẹ́ ẹ̀ kò ní sún tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà òjé á há, á tún já, á dún. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní apá tí òjìji bá kọ́kọ́ bò, á máa tẹ̀ lé òjìji lọ, òun ló jẹ́ kó dà bí ìrìn ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí ìkùukùu bá bo oòrùn látàárọ̀, ẹ ò ní gbọ́ ọ. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ padà wá.

Èyí tó ń kàn nínú igi lóru ní tiẹ̀, kòkòrò ajẹgi Xestobium rufovillosum ni mo fura sí, bó bá jẹ́ igi óòkù ni wọ́n fi kọ́ àjà, tó sì jẹ́ pé ìgbà tí òtútù ń lọ tí ooru ń dé ni ìró náà ń wáyé. Ó ń fi orí kan igi láti pe ẹnìkejì ẹ̀, ìgbà 4 sí 11 lẹ́ẹ̀kan náà, kíákíá, á wá dákẹ́ kó gbọ́ èsì. Ihò tó ń gbà jáde fẹ̀ ní nǹkan bíi mìlímítà 3. Kí wọ́n fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ ojú àwọn ihò náà kí ìgbà òtútù tó parí. Bí bébà bá lu lẹ́yìn ìgbà náà, kòkòrò ṣì wà láàyè. Bí kò bá lu, ihò àtijọ́ ni, kí wọ́n má náwó sórí oògùn. Igi tó rin tó sì ti ń jẹrà ló fẹ́ràn, nítorí náà kí wọ́n tó fín nǹkan kan, kí wọ́n wá ibi tí omi ti ń wọlé.

Òtútù tó ń kan ọrùn: fèrèsé gíga ni. Afẹ́fẹ́ tó bá kan gíláàsì tútù máa ń wúwo, á yọ́ sísàlẹ̀ lára ẹ̀, á sì bọ́ sí ẹ̀yìn ọrùn ẹni tó jókòó lábẹ́ rẹ̀. Ẹ so tíṣù tín-ínrín mọ́ orí ọ̀pá, ẹ gbé e sí ẹsẹ̀ fèrèsé, ẹ ó rí i bó ṣe ń fì síwájú.

Olùṣọ́_Àdán:

Èyí funfun tó ń han: òwìwí ni, Tyto alba, òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ tó sún mọ́ ọn wà ní gbogbo àgbáńlá ilẹ̀ ayé àyàfi Antarctica, kò sì sí ibi tó wù ú láti yé ẹyin sí tó gogoro tí èèyàn kì í gùn. Abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ funfun, iná ìgboro á tàn sí i láti ìsàlẹ̀, á dà bíi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń tàn. Etí ìyẹ́ rẹ̀ rí bí òwú, ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi gbọ́ ìró ìfò rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ìtẹ́ a máa hanrun. Ẹni tó bá gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ lè búra pé ẹnì kan sùn sókè.

Ẹ má gùn ún lọ wò. Ẹ wo ìsàlẹ̀ gogoro: bí ẹ bá rí ìṣù dúdú tó ń dán, èyí tí òwìwí máa ń pọ̀ jáde lẹ́nu, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 7, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, ẹ tú u, egungun eku ló máa wà nínú ẹ̀.

Àdán lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ihò tó fẹ̀ ní mìlímítà 15 sí 20 ti tó o láti wọlé. Ìgbẹ́ àdán tó ń jẹ kòkòrò máa ń di lúbúlúbú bí ẹ bá fi igi tẹ̀ ẹ́. Ti eku máa ń le gbagidi. Kí ẹnikẹ́ni má gbá a ní gbígbẹ, torí èbu olú kan tí wọ́n ń pè ní Histoplasma lè wà nínú ẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló sì máa ń mú. Kí wọ́n wọ́n omi sí i, kí wọ́n wọ ìbòmú N95 tàbí FFP2 àti ìbọ̀wọ́. Lórílẹ̀-èdè púpọ̀, òfin kò gbà kí wọ́n dí ihò àdán tàbí kí wọ́n da ìtẹ́ òwìwí rú, àgàgà nígbà tí ọmọ wà nínú ẹ̀, nítorí náà kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó fi sìmẹ́ǹtì kan nǹkan kan.

Ṣiyèméjì:

Gbogbo ohun tí ẹ wí ló dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ta ko Agbọ́hùn díẹ̀. Ìtàn 19 yẹn ti gbajúmọ̀ ju ẹ̀rí tó wà fún un lọ. Ní London, àwọn olùwádìí kọ́ yàrá kan tí wọ́n lè tan irú ìgbì ohùn bẹ́ẹ̀ àti agbára mágínẹ́ẹ̀tì sí, wọ́n sì jẹ́ kí èèyàn 79 wọ ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èsì jáde ní 2009: ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní nǹkan àjèjì ṣe àwọn, àmọ́ bóyá wọ́n tan ẹ̀rọ tàbí wọn ò tan án kò yí i padà. Àwọn olùwádìí náà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ ṣe tètè máa ń wọ èèyàn lára ló fà á. Òótọ́ ni pé ní 2003, nínú eré orin kan ní London kan náà tí wọ́n fi ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 17 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan sínú àwọn orin kan, nǹkan bí ìdá 22 nínú 100 ní ara àwọn ṣe bákan. Ẹ̀rí méjì tí kò bára mu ni mo pe ìyẹn.

Nítorí náà, bí góńgó bá tilẹ̀ hàn lórí fóònù, kò tíì di ohun tó ń mú àyà wúwo. Ìdánwò tó máa yanjú ẹ̀ kò ná yín ní kọ́bọ̀. Kí vájà ju owó ẹyọ nínú yàrá mìíràn: orí, á tan ẹ̀rọ, ìrù, á pa á. Kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó má bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin náà kọ ohun tí ara yín sọ. Ẹ ṣe é ní ìgbà 10, kí ìṣẹ́jú 5 wà láàárín wọn. Bí ẹ bá gba 9 tàbí 10, orí-ire lásán kò lè mú un wá ju ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bí 93 lọ. Bó bá jẹ́ 6, ẹ jẹ́ kí dùrù sinmi. Bí ìró ẹ̀rọ náà bá ṣeé gbọ́ létí, ìdánwò ti bàjẹ́: ẹ dí etí dáadáa, tàbí kí ẹ má ṣe é.

Ìmọ́lẹ̀ tó ń rìn nínú fèrèsé ló wù mí jù. Gíláàsì àtijọ́ kì í tẹ́jú. Ó nípọn níbí, ó fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún. Iná ọkọ̀ tó bá yí igun, tàbí ẹ̀yin fúnra yín tí ẹ ń rìn kọjá, á mú kí ìmọ́lẹ̀ máa fò láti gíláàsì kan sí èkejì bíi pé ẹnì kan gbé fìtílà dání nínú. Ẹ dúró sójú kan, kí ẹ má mì. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá dúró, ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé e rìn. Bí kò bá dúró, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa ka ọkọ̀ tó ń yí igun nígbà tí ẹnì kejì ń ka ìmọ́lẹ̀, láìwo ara wọn, kí ẹ wá fi wákàtí méjèèjì wéra.

Ẹ wo iná tí wọ́n fi tan ògiri náà pẹ̀lú. Láti òkè ni oòrùn máa ń tàn sí ojú èèyàn. Ojú tí iná bá ti ìsàlẹ̀ tàn sí kì í jọ ti ẹlẹ́ran ara mọ́, ère òkúta sì burú ju èèyàn lọ. Bí igi bá wà láàárín iná àti ògiri, gbogbo ewé tó bá mì á di nǹkan ńlá tó ń rìn lára òkúta. Ojú ère tí òjò ti jẹ wọnú náà máa ń dà bíi pé ó ń tẹ̀ lé ẹni, torí ọpọlọ kò gbà pé ojú lè wọnú. Ó ń kà á sí ojú tó yọ síta, tó sì ń yí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí tí ṣọ́ọ̀ṣì méjì yòókù kò fi ní wàhálà kò ju pé wọn ò taná sí wọn lọ. Kí wọ́n gbé iná náà sókè tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n fi páànù bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì lo gílóòbù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n bíi ti fìtílà, tí nọ́ńbà àwọ̀ rẹ̀ kò kọjá 2700 K. Òwìwí àti àdán náà á dúpẹ́.

Agbọ́hùn:

Mo fara mọ́ ti owó ẹyọ. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà lódindi, kó má jẹ́ pé wọ́n kàn dín in kù, torí ó lè bọ́ sórí ìgbì mìíràn bó ṣe ń rọra yí.

Ojúfèrèsé:

Ẹ ṣeun gan-an. Èérún òkúta kò sí nísàlẹ̀, òwú aláǹtakùn sì wà nínú ibi tó sán. Màá fi ti ìṣó lọ vájà. Ẹ jọ̀ọ́, ó ku ọ̀kan: kí ló dé tí agogo gogoro yìí fi ń dún bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀? Ó ń lù lóru, ìgbà míì a sì tún dún lẹ́ẹ̀kan nígbà tí wákàtí ò pé.

Alágogo:

Ohùn ọ̀fọ̀ yẹn wà nínú bí wọ́n ṣe ń dá agogo. Agogo kan kì í dún ohùn kan. Ohùn márùn-ún pàtàkì ló máa ń jáde lẹ́ẹ̀kan, tó fi mọ́ èyí tó ń kùn nísàlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, tí àwọn alágogo ń pè ní tierce, fi àlàfo kékeré tí àwọn olórin ń pè ní minor third jìnnà sí ohùn tí etí mú nígbà tí a lù ú, àlàfo kan náà tí àwọn olórin fi ń kọ orin ìbànújẹ́. Kò bàjẹ́, agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó bá dára ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Netherlands ní àwọn ọdún 1980, wọ́n dá àwọn agogo tí àlàfo náà tóbi díẹ̀ sí i nínú wọn (major third), ohùn wọn dùn lóòótọ́, àmọ́ kò gbilẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni ohùn ń kú pọ́ọ́kú, tó sì ń ta bí ìkòkò tó là, ìyẹn ni agogo tó sán. Kí wọ́n má lù ú mọ́ títí ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi wò ó.

Ìlù kan tó ń dún nígbà tí kò yẹ: afẹ́fẹ́ kì í ṣe é, ahọ́n agogo tó wúwo kò ní dá afẹ́fẹ́ lóhùn. Òòlù aago ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Lẹ́yìn tó bá ti lu agogo, sípíríǹgì gbọ́dọ̀ fà á sẹ́yìn kúrò lára ẹ̀. Bí sípíríǹgì bá rọ̀ tàbí tí ìdọ̀tí ẹyẹlé há síbi tí òòlù ti ń yí, òòlù á jókòó lórí agogo, á máa ta díndín, á sì já lẹ́ẹ̀kan nígbà tí irin bá tutù. Òòlù tó jókòó bẹ́ẹ̀ lè la agogo bó bá pẹ́, nítorí náà iṣẹ́ àtúnṣe tí wọn ò gbọ́dọ̀ sún síwájú ni.

Ní ti òru, ẹ má ní kí wọ́n dá aago dúró pátápátá, wọn ò ní gbà. Ẹ béèrè fún ohun tó ń pa ìlù lẹ́nu mọ́ láti 22:00 sí 07:00. Bí iná mànàmáná bá ló ń gbé òòlù, iṣẹ́ swíìṣì aláago kan lásán ni. Bó bá jẹ́ aago irin àtijọ́ ni, ẹ̀rọ kékeré kan máa ń fa wáyà òòlù sókè kó má lè dé ara agogo, aago á ṣì máa ka wákàtí lọ. Bí wọn ò bá gbà ìyẹn náà, kí wọ́n dí ìdajì ìsàlẹ̀ àwọn pákó onídagẹ̀rẹ̀ ojú fèrèsé gogoro láti inú, ní apá tó kọjú sí ilé nìkan, kí ohùn lè gba òkè lọ.

Ní yàrá tiyín, gíláàsì méjì tó sún mọ́ra kò ran ohùn agogo lọ́wọ́ láti dúró síta tó bẹ́ẹ̀. Férémù kejì tó wà nínú, tó fi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 20 jìnnà sí ti ìta, ló ń ṣiṣẹ́, kí gíláàsì rẹ̀ nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ kí méjèèjì má bàa máa gbọ̀n pa pọ̀, kí rọ́bà etí rẹ̀ má sì ní àyè kankan.

Ìkìlọ̀ kan fún vájà bí wọ́n bá gbà láti fi ẹ̀rọ ìpalẹ́numọ́ náà sí i: bí wọ́n bá ń fi okùn yí agogo náà lọ́jọ́ Àìkú, òòlù aago gbọ́dọ̀ ti wà ní fífà sẹ́yìn pátápátá kí ẹnikẹ́ni tó di okùn mú. Agogo tó bá fì lu òòlù tó wà ní ipò lílù máa ń ṣẹ́ apá òòlù tàbí kó sán. Kí wọ́n so iná pupa kékeré mọ́ ọn nínú yàrá okùn, tó máa tàn nígbàkigbà tí òòlù bá wà níwájú.